Iṣẹ́ Tí Rẹ̀sísítọ̀ Ń Ṣe Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Bèèrè

Gbogbo ẹni tó bá ti gbé irin sọ́dà láti kan pẹ́dàlì dísítọ́ṣọ̀n fún gìtá ló máa ń bèèrè ọ̀rọ̀ kan náà: ìwé ní kí n lo rẹ̀sísítọ̀ 51k (k dúró fún ẹgbẹ̀rún ohm, ohm sì ni ìwọ̀n bí rẹ̀sísítọ̀ ṣe ń dí iná lọ́nà tó), 47k ló wà lọ́wọ́ mi, ṣé mo lè fi sí i? Àwọn kan á ní kò sí wàhálà. Àwọn mìíràn á ní rárá o, ohùn á bàjẹ́. Ìdáhùn méjèèjì kò tẹ́ mi lọ́rùn rí, torí nọ́ńbà ni àwọn méjèèjì ń wò, wọn kò wo iṣẹ́. Ẹni tó fẹ́ fi ẹlòmíì rọ́pò òṣìṣẹ́ kan, iṣẹ́ tí ẹni tó ń lọ ń ṣe ni yóò kọ́kọ́ wádìí. Bẹ́ẹ̀ náà ni rẹ̀sísítọ̀. Èyí kan wà tí ẹ lè sọ di ìlọ́po méjì tí etí kò ní mọ̀. Òmíràn wà, ẹ kàn sún un díẹ̀ báyìí, pẹ́dàlì á di pẹ́dàlì mìíràn.

Ká tilẹ̀ wo ibi tí àwọn nọ́ńbà náà ti wá ná. Àwọn tó ń ṣe rẹ̀sísítọ̀ ní ọ̀wọ́ tí wọ́n ń tẹ̀ lé. Èyí tó wọ́pọ̀ ni E12: 10, 12, 15, 18, 22, 27, 33, 39, 47, 56, 68, 82, lẹ́yìn náà wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti 100. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan fi nǹkan bí ìdá kan nínú márùn-ún ju èyí tó ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọ̀wọ́ yìí wà fún rẹ̀sísítọ̀ tó lè fi 10% yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. 47 tó bá fi 10% ga á di 51.7, 56 tó bá fi 10% rẹlẹ̀ á di 50.4, kò wá sí àlàfo láàárín wọn. Fún àwọn tí kì í yẹ̀ ju 5% lọ, E24 wà, tó fi nọ́ńbà kan há àárín méjì-méjì, ibẹ̀ ni 51 wà. 50 kò sí nínú ọ̀wọ́ méjèèjì. Ẹni tó kọ́kọ́ ya sákíìtì, ó ṣírò, ó rí nọ́ńbà kan, ó sì mú èyí tó sún mọ́ ọn jù nínú ohun tí wọ́n ń tà. Ìpààrọ̀ ti wọnú iṣẹ́ náà kí ìwé tó dé ọwọ́ wa.

Ẹ tún wo ìlà wúrà tó wà létí rẹ̀sísítọ̀, tó ń sọ pé 5% ló lè fi yẹ̀. 47k tó ní irú ìlà bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ 49k ní tòótọ́. 51k náà lè jẹ́ 49k. Méjèèjì lè pàdé lójú mítà, kí ìkankan nínú wọn má sì jẹ̀bi.

Ẹ jẹ́ ká mú sákíìtì tí àwa tó ń kan pẹ́dàlì mọ̀ bí ẹni mowó, ìyẹn ti pẹ́dàlì Tube Screamer tí Ibanez ṣe, ká tú u wò. Op-amp kan ló ń gbé ohùn gìtá ga nínú rẹ̀. Láti ibi tí ohùn ti ń jáde, rẹ̀sísítọ̀ 51k àti nọ́ọ̀bù Drive tó jẹ́ 500k tò tẹ̀ lé ara wọn padà sí ẹnu op-amp. Dáyóòdù dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, àwọn ló ń gé orí ìgbì ohùn bó bá ti ga ju bó ṣe yẹ lọ. Láti ojú kan náà lẹ́nu op-amp ni 4.7k ti bọ́ sílẹ̀, tó gba inú kàpásítọ̀ 0.047µF (ẹ̀yà tó ń jẹ́ kí ohùn òkè kọjá ju béèsì lọ) lọ sí gíráǹdù, ojú odo sákíìtì. Bí ẹ bá fẹ́ mọ iye ìlọ́po tí ohùn fi ń ga, ẹ ro èyí tó wà lókè pọ̀, ẹ pín in sí 4.7k, kí ẹ fi 1 kún un. Bí Drive bá dé òpin, 551 ni a ó pín sí 4.7, ìlọ́po 118 la ó rí. Bí Drive bá wà nísàlẹ̀ pátápátá, ìlọ́po 12 ni, ó dín díẹ̀.

Ẹ wá fi 47k sí ipò 51k. Ní òpin Drive, 118 á di 117. Kò sí etí ẹ̀dá tó lè gbọ́ ìyẹn. Nísàlẹ̀, 11.9 á di 11, ìyàtọ̀ tí kò tó 1 dB, tí etí fẹ́rẹ̀ẹ́ má lè mọ̀. Nọ́ọ̀bù Drive fúnra rẹ̀ ńkọ́? Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ ló lè fi 20% yẹ̀. Èyí tí wọ́n kọ 500k sí lè jẹ́ 400k, ó lè jẹ́ 600k, ìlọ́po á sì wà láàárín 97 sí 139, kò sì sẹ́ni tó máa ń bèèrè nípa ìyẹn. Ó máa ń dùn mí bí ẹnì kan bá pa iṣẹ́ tì torí 51k tí kò rí, nígbà tí ohun tó ń yẹ̀ ju ìlọ́po ogún rẹ̀ lọ ti wà nínú àpótí tí ó sì ti sọ́dà rẹ̀ tán. Ẹ fi 47k sí i, kí ẹ máa bá iṣẹ́ lọ. Bó bá sì jẹ́ pé ọkàn yín kò ní balẹ̀, ẹ to 47k àti 3.9k tẹ̀ lé ara wọn, 50.9k nìyẹn.

Ṣùgbọ́n 4.7k tó wà nísàlẹ̀ yẹn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ yàtọ̀. Iṣẹ́ méjì ló ń ṣe lẹ́ẹ̀kan náà. Àkọ́kọ́, òun ni a fi ń pín, ìyípadà tó bá dé bá a á hàn nínú gbogbo ìlọ́po náà. Èkejì, òun àti kàpásítọ̀ 0.047µF jọ jẹ́ asẹ́ tó ń pinnu ibi tí ohùn á ti bẹ̀rẹ̀ sí í ga dáadáa. Ìsodípúpọ̀ àwọn méjèèjì ló ń sọ ibẹ̀, nǹkan bí 720 Hz ni, ìyẹn ìgbì 720 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohùn tó wà lókè ibẹ̀ á ga tán, èyí tó wà nísàlẹ̀ ibẹ̀ á máa dínkù bó ṣe ń lọ sódò béèsì. Ibẹ̀ ni ohùn Tube Screamer ti rí ìwà rẹ̀, béèsì tí kò wúwo, àárín tó yọ síta tí a fi ń gbọ́ gìtá láàárín ìlù àti béèsì.

Ká ní ẹ fi 2.2k rọ́pò rẹ̀ torí pé ẹ fẹ́ kí ó túbọ̀ ké. Ìlọ́po á lọ sí 251 ní òpin Drive. Ṣùgbọ́n ojú asẹ́ náà á sún láti 720 Hz lọ sí nǹkan bí 1540 Hz. Ẹnu kò lórí ohun tí èyí ń fà: wọ́n ní béèsì ti dínkù. Béèsì kò dínkù o. Nísàlẹ̀ pátápátá, kàpásítọ̀ ló ń dá ìlọ́po dúró níbẹ̀, kì í ṣe rẹ̀sísítọ̀, béèsì sì wà bó ṣe wà. Òkè ló ga ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó wá dà bí ẹni pé ìsàlẹ̀ ti lọ. Ẹni tó bá mọ èyí mọ ohun tó yẹ kó ṣe. Bí ẹ bá dín rẹ̀sísítọ̀ kù sí 2.2k, ẹ sọ kàpásítọ̀ di 0.1µF, ojú asẹ́ á padà sí nǹkan bí 723 Hz. Ìlọ́po tó ju ìlọ́po méjì ti tẹ́lẹ̀ lọ ló wà lọ́wọ́ yín báyìí, ìwà ohùn náà kò sì yà kúrò lójú ọ̀nà. Nínú gbogbo ìpààrọ̀ tí mo mọ̀ nínú sákíìtì yìí, èyí ni mo fẹ́ràn jù. Kò gba owó, kò gba àyè, ó kàn gba pé kí ènìyàn mọ̀ pé àwọn méjèèjì jọ ń ṣiṣẹ́ ni.

Bí ẹ bá sì fẹ́ kí ó rọ̀ sí i, òdì kejì ni kí ẹ lọ. Pẹ̀lú 10k, ìlọ́po á wálẹ̀ sí 56, ojú asẹ́ á sì bọ́ sí nǹkan bí 340 Hz. Ohùn á fẹ̀, á kún, á sì mọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tó ń wá pẹ́dàlì tí kì í bo ohùn gìtá wọn mọ́lẹ̀, ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn.

Orúkọ TS808 àti TS9, ẹ̀dà Tube Screamer méjì, máa ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀, ó sì kan ọ̀rọ̀ wa gan-an. Ìyàtọ̀ tí gbogbo ènìyàn mọ̀ láàárín sákíìtì méjèèjì jẹ́ rẹ̀sísítọ̀ méjì péré, ní ẹnu ọ̀nà àbájáde. TS808 ní 100 ohm àti 10k, TS9 ní 470 ohm àti 100k. Wọ́n ti fi èyí dá ìtàn sílẹ̀ pé ọ̀kan rọ̀, ìkejì mú. Èrò tèmi ni pé ìyàtọ̀ náà kéré ju ariwo tó wà lórí rẹ̀ lọ. Ohun tó wà níwájú pẹ́dàlì ló ń jẹ́ kó hàn tàbí kó má hàn. Bó bá jẹ́ áńpù tí ẹnu rẹ̀ jẹ́ 1M ni ẹ ki pẹ́dàlì bọ̀, 370 ohm tó fi lé sí i kò tó nǹkan kan níbẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbìyànjú rẹ̀, kó gbìyànjú rẹ̀ o, rẹ̀sísítọ̀ méjì kì í ṣe ìnáwó. Ṣùgbọ́n kó fi etí ara rẹ̀ gbọ́ ọ kó tó gbà á gbọ́.

Pẹ́dàlì RAT ti ProCo náà ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Ọ̀nà méjì ló ní lọ sí gíráǹdù níbi tí Tube Screamer ti ní ọ̀kan. Ọ̀kan jẹ́ 560 ohm pẹ̀lú 4.7µF, tó ń ṣí láti nǹkan bí 60 Hz. Ìkejì jẹ́ 47 ohm pẹ̀lú 2.2µF, tó ń ṣí láti nǹkan bí 1540 Hz. Nọ́ọ̀bù 100k ló wà lókè wọn. Bí ẹ bá ṣírò rẹ̀ lórí ìwé, ìlọ́po rẹ̀ ní òpin ju 2300 lọ fún ohùn òkè. Lórí ìwé ni mo wí, torí LM308, op-amp tí wọ́n fi ṣe é níbẹ̀rẹ̀, kì í yára, kò lè gbé ohùn òkè débẹ̀, àìyára yẹn sì jẹ́ ara ohun tó ń jẹ́ kí RAT máa kùn bí ó ṣe ń kùn. Nítorí náà, bí ẹ kò bá rí 47 ohm, ẹ lo 56, tàbí kí ẹ fi 100 ohm méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kó di 50. Op-amp náà ló ń dí ọ̀nà, kì í ṣe ohm mélòó kan yẹn.

Ohun tó ń yí RAT padà ní tòótọ́ ni kí ẹ yọ 47 ohm náà kúrò pátápátá. 560 nìkan ló kù nìyẹn, ìlọ́po á wálẹ̀ sí 180. Ohùn á padà sínú ara rẹ̀, kò ní fi bẹ́ẹ̀ gúnni létí mọ́, okùn kọ̀ọ̀kan á sì máa dá dúró nígbà tí ẹ bá lu méjì tàbí mẹ́ta pọ̀. Àwọn kan máa ń fi nọ́ọ̀bù 1k sí ìdí 47 yẹn kí wọ́n lè máa rìn láàárín ohùn méjèèjì. Mo rò pé kò sí àyípadà tó rọrùn tó bẹ́ẹ̀ tó sì ń mú èso tó bẹ́ẹ̀ wá nínú pẹ́dàlì yìí.

Mo ti sọ nípa àwọn tó gbà kí a ṣírò. Àwọn kan wà tí ìṣirò kò lè yanjú wọn, pẹ́dàlì Fuzz Face sì ni àpẹẹrẹ tó dára jù. Arbiter gbé e jáde ní England ní 1966. Nǹkan inú rẹ̀ kò pọ̀ rárá: tìràǹsísítọ̀ méjì, rẹ̀sísítọ̀ mẹ́rin, kàpásítọ̀ mẹ́ta, nọ́ọ̀bù méjì. Àwọn rẹ̀sísítọ̀ náà ni 33k, 8.2k, 470 ohm àti 100k. Nọ́ńbà tí ẹ ó rí nínú gbogbo ìwé ni 8.2k, òun gan-an sì ni kí ẹ má fi ọkàn tán. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti jẹ́ kí fọ́lítéèjì tó wà lórí kólẹ́kítọ̀ (ẹsẹ̀ tí ohùn ti ń jáde) tìràǹsísítọ̀ kejì wà ní nǹkan bí ìdajì bátìrì, 4.5V nínú 9V, kí ìgbì ohùn lè ní àyè lókè àti nísàlẹ̀. Bó ṣe máa débẹ̀ wà lọ́wọ́ tìràǹsísítọ̀ tó bá bọ́ sí yín lọ́wọ́. Àwọn ti jámáníọ̀mù àtijọ́ kò bára mu. Ọ̀kan lè gbé kọ́rẹ́ǹtì ga ní ìlọ́po 70, ìkejì rẹ̀ tí wọ́n kọ nọ́ńbà kan náà sí lára lè ṣe 120. Wọ́n tún ń jò, ooru sì ń mú kí wọ́n jò sí i. Fọ́lítéèjì tó wà ní ipò tó yẹ láàárọ̀ lè ti kúrò níbẹ̀ nígbà tí yàrá bá gbóná.

Bí fọ́lítéèjì yẹn bá sún mọ́ òpin kan jù, ẹ ó gbọ́ ọ kíákíá. Ohùn á máa já. Ẹ ó lu okùn, á bú jáde, lẹ́yìn náà dípò kó máa lọ díẹ̀díẹ̀ kó tó kú, á kàn ké gé lójijì bí ẹni pé wọ́n tẹ̀ ẹ́ lọ́rùn. Níbí, ẹni tó bá lo 8.2k gan-an torí pé ìwé wí bẹ́ẹ̀ lè rí ohùn tí kò dára, ẹni tó lo 6.8k tàbí 12k sì lè rí èyí tó dùn. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé màá fi nọ́ọ̀bù kékeré olójú ìṣó, ti 20k, sí ipò 8.2k. Màá tan iná sí i, màá gbé mítà lé kólẹ́kítọ̀, màá sì máa yí ìṣó náà jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ títí mítà á fi kà 4.5V. Kí n tó gbà pé ó parí, màá lu gìtá sí i, torí pé nígbà mìíràn 5V ló ń dùn jù, pàápàá fún ẹni tó fẹ́ kí ohùn mọ́ díẹ̀ bó bá yí fọ́líúùmù gìtá sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ni màá pa iná, yọ nọ́ọ̀bù náà, wọn iye tó dúró sí, kí n sì wá rẹ̀sísítọ̀ tó sún mọ́ ọn jù. Ẹ lè fi nọ́ọ̀bù náà sílẹ̀ níbẹ̀ bí àyè bá wà, kí ẹ lè tún un ṣe bí ojú ọjọ́ bá yí padà.

Àwọn tó kù kò gba ìrònú púpọ̀. Rẹ̀sísítọ̀ iná LED, ẹ fi ohun tó bá wù yín sí i láàárín 1k sí 10k, bí iná á ṣe mọ́lẹ̀ tó ló ń pinnu, 4.7k á fún LED pupa ní nǹkan bí 1.5 mA. Méjì tó ń pín 9V sí 4.5V, kí wọ́n ṣáà bá ara wọn dọ́gba. Èyí tó wà lẹ́nu àbáwọlé tó ń fa ìró pòó wálẹ̀ nígbà tí ẹ bá fẹsẹ̀ tẹ pẹ́dàlì, 1M, 2.2M, ọ̀kan náà ni. Ṣùgbọ́n rẹ̀sísítọ̀ tó ń gbé 4.5V fún ẹnu op-amp, ẹ má jẹ́ kó kéré jù. Òun ni ẹrù tí gìtá yín ń gbé. 510k sókè dára. Bí ẹ bá fi 47k síbẹ̀, àwọn ohùn wínrínwínrín òkè á ti kú kí wọ́n tó wọlé, kò sì sí nọ́ọ̀bù Tone tó lè jí wọn dìde. Ní ti agbára, ìdá kan nínú mẹ́rin wọ́ọ̀tì tó fún gbogbo rẹ̀: bí gbogbo 9V bá tilẹ̀ dúró lórí 1k, 81 mW péré ni.

Ewu tó wà nínú ìpààrọ̀, kì í ṣe láàárín 47 àti 51. Ìlà àwọ̀ kẹta ló wà. Àwọ̀ ìyeyè, àlùkò, pupa: 4.7k. Ìyeyè, àlùkò, ọsàn: 47k. Pupa àti ọsàn lábẹ́ iná tí kò mọ́lẹ̀ dáadáa fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọmọ ìyá kan náà. Bí 47k bá ṣèèṣì bọ́ sí ipò 4.7k nínú Tube Screamer, ìlọ́po 118 á di 13, ẹni tó kàn án á sì rò pé dáyóòdù ló bàjẹ́. Ẹ wọn ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú mítà kó tó wọnú bọ́ọ̀dù. Lẹ́yìn tó bá ti wọlé, àwọn nǹkan mìíràn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ á máa bá a kà pọ̀, mítà á sì sọ iye tó kéré sí tirẹ̀, àfi bí ẹ bá yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan sókè.

Ó ku ti gbígbọ́, òun ló sì le jù. Ohùn tó bá fi díẹ̀ ga ju ìkejì lọ máa ń dùn létí jù, kódà bó bá jẹ́ ohùn kan náà. Ìdí nìyẹn tí rẹ̀sísítọ̀ tó ń gbé ìlọ́po ga fi máa ń borí nínú ìdíje tí kò yẹ kó borí. Kí ẹ tó sọ pé 2.2k dùn ju 4.7k lọ, ẹ yí nọ́ọ̀bù Level wálẹ̀ títí méjèèjì á fi lágbára bákan náà nínú yàrá. Ẹ lo sọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré lórí bọ́ọ̀dù kí ẹ lè máa yọ ọ́, kí ẹ máa fi sí i láìsí sọ́dà. Ẹ lu ohun kan náà lójú kan náà lára okùn, kí ẹ sì lu okùn méjì pọ̀, torí ibẹ̀ ni dísítọ́ṣọ̀n tó dára ti ń yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo. Èmi a máa jẹ́ kí ilẹ̀ mọ́ kí n tó gbé irin sọ́dà. Ohun tó dùn lálẹ́ lẹ́yìn wákàtí gígùn lè ti di ohun tó ń ta létí láàárọ̀.

Bí ẹ bá wá fẹnu kò pẹ̀lú ara yín lórí iye kan, ẹ kọ ọ́ sínú ìdérí àpótí náà pẹ̀lú bírò tí kì í parẹ́: ipò rẹ̀sísítọ̀ náà, iye tó wà nínú ìwé, iye tí ẹ fi sí i. Ẹni tó máa tún un ṣe lọ́jọ́ iwájú á ṣí i pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, á bá 2.2k níbi tí ìwé ti ní 4.7k, á sì bá 0.1µF lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí kò bá rí àkọsílẹ̀ yín, á rò pé àṣìṣe ni, á sì yọ wọ́n.